Ta Ni Yóò Máa Ṣe Ìṣirò Èéfín Nàìjíríà?

Nínú oṣù Èbìbí ọdún 2019, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ètò kan lórí àwọn èéfín àti gáàsì tí kì í pẹ́ lójú sánmà, ṣùgbọ́n tí ooru tí wọ́n ń dá sílẹ̀ pọ̀ gan-an. Ìgbésẹ̀ 22 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pín wọn sí ẹ̀ka 8: ìrìnnà ọkọ̀, ìdáná inú ilé, epo rọ̀bì àti gáàsì, iléeṣẹ́ ńláńlá, iná mànàmáná, iṣẹ́ àgbẹ̀, pàǹtírí, àti gáàsì inú fíríìjì pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n ní bí gbogbo ìgbésẹ̀ náà bá di ṣíṣe, nígbà tó bá fi máa di 2030, èéfín dúdú yóò ti fi ìdá 83 nínú 100 dín kù, mẹ́téènì, gáàsì tó ń jáde láti ara ààtàn, epo rọ̀bì àti màlúù, yóò sì ti fi ìdá 61 dín kù.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká sáré kọjá lórí nọ́ńbà méjèèjì yìí. Kì í ṣe èéfín ọdún 2019 ni wọ́n fi wọ́n wé. Èéfín tí ì bá wà ní 2030 ká ní a káwọ́ lẹ́rán ni wọ́n fi wọ́n wé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò kéré. Ká ní mẹ́téènì tó ń jáde lónìí jẹ́ 100, tí wọ́n sì ṣírò pé yóò di 140 bí a kò bá ṣe nǹkan kan. Bí a bá yọ ìdá 61 kúrò lára 140, yóò ku nǹkan bíi 55. Lójú ẹni tó ń fi òní wọ̀n ọ́n, ìdá 45 péré ló dín kù. Bí ẹni tó ṣe ìṣirò bá sì gbé 140 yẹn ga ju bó ṣe yẹ lọ, ètò náà yóò dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́ ńlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa iná kan. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe ìṣirò yìí ni mo ka iṣẹ́ wọn sí jù nínú gbogbo ètò náà, àwọn sì ni ìjọba kì í rántí nígbà tó bá ń pín owó.

Kí ni a ń pè ní èéfín tí kì í pẹ́? Mẹ́téènì máa ń lo nǹkan bí ọdún 12 lójú sánmà. Èéfín dúdú, ìyẹn dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, kì í ju ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí òjò tó wẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Àwọn gáàsì fíríìjì tí wọ́n ń pè ní HFC máa ń lo nǹkan bí ọdún 15 ní ìpíndọ́gba. Carbon dioxide yàtọ̀ sí wọn, apá kan nínú rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá dín mẹ́téènì kù lónìí yóò rí ipa rẹ̀ kí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Láàárín ọdún 20, ooru tí kìlógíráàmù kan mẹ́téènì ń dá sílẹ̀ ju ti carbon dioxide lọ ní ìlọ́po 80 ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá nà án dé ọgọ́rùn-ún ọdún, kò ju ìlọ́po 30 lọ. Orílẹ̀-èdè tó bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún nìkan ṣe ìṣirò yóò máa rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́téènì kò jẹ́ kánjúkánjú. Nọ́ńbà méjèèjì ló yẹ kó wà nínú ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìṣirò náà gan-an kò le lójú. Ẹ ó wá iye nǹkan tí wọ́n sun, tí wọ́n sin tàbí tí wọ́n dà nù lọ́dún, ẹ ó sì fi iye gáàsì tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń tú jáde sọ ọ́ di púpọ̀. LEAP, ẹ̀rọ ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí Stockholm Environment Institute ṣe, ni wọ́n fi ṣe ti Nàìjíríà, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Climate and Clean Air Coalition, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012 tí Nàìjíríà sì wọ̀ lọ́dún náà. Ẹ jẹ́ ká fi ààrò kan ṣe é kó lè yé wa.

Ká mú ilé kan tó ń fi igi dáná, tó ń sun kìlógíráàmù 5 lóòjọ́. Ìyẹn jẹ́ 1,825 lọ́dún. Ìlànà IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí ìmọ̀ nípa ojú ọjọ́ tó ń yí padà, sọ pé agbára tó wà nínú tọ́ọ̀nù kan igi jẹ́ gigajoule 15.6, àti pé terajoule kan (ìyẹn gigajoule 1,000) igi tí wọ́n fi dáná nínú ilé ń tú mẹ́téènì kìlógíráàmù 300 jáde. Bí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, ilé yẹn ń tú mẹ́téènì kìlógíráàmù 8.5 jáde lọ́dún. Bí a bá lo gíráàmù kan èéfín dúdú fún kìlógíráàmù igi kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 2 lọ́dún, inú ilé ìdáná níbi tí ìyá àti ọmọ wà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ń jáde. Tí ilé náà bá lọ sórí gáàsì ìdáná, mẹ́téènì láti ara jíjó rẹ̀ ń bọ́ sí 5 fún terajoule kan dípò 300.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni iye ilé. Bí àwọn tó ń ka ilé bá béèrè pé, "Kí lẹ fi ń dáná jù?", ìyá tó ní sílíńdà gáàsì nílé yóò dáhùn pé gáàsì ni. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ààrò tàbí àdògán ló fi se ẹ̀wà lánàá, torí pé ẹ̀wà máa ń gba wákàtí, gáàsì sì wọ́n. Ìbéèrè tó dára jù ni, "Kí lẹ fi se oúnjẹ kọ̀ọ̀kan lánàá?", kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti orí ògì àárọ̀ títí dé àmàlà alẹ́. Nígbà tí gáàsì bá gbówó lórí, ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í yí padà, ti èkejì ni yóò yí padà. Ètò tó ní kí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aráàlú máa fi nǹkan ìgbàlódé dáná nígbà tó bá di 2030 kò lè mọ ibi tó dé bí kò bá ní ìbéèrè kejì yẹn.

Èédú tún ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń tan ìṣirò jẹ. Nínú ilé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, èéfín rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti igi. Oko tí wọ́n ti sun ún, níbi tí wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ bo igi kó lè máa jó láìsí afẹ́fẹ́ tó tó, ibẹ̀ ni mẹ́téènì ti jáde. Tí ìṣirò bá kàn ka ilé tó ń lo èédú láìka oko tí èédú ti wá, yóò máa kí wa kú oríire fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Àtùpà kẹrosíìnì tí kò ní gíláàsì, tó jẹ́ agolo àti òwú lásán, ló yẹ kó kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Àwọn onímọ̀ wọn èéfín irú àtùpà bẹ́ẹ̀, wọ́n rí i pé ìdá 7 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún kẹrosíìnì tó ń jó ló ń di èéfín dúdú. Kìlógíráàmù kan kẹrosíìnì á sì tú gíráàmù 70 sí 90 jáde, níbi tí igi ti ń tú bíi gíráàmù kan. Èéfín dúdú rẹ̀ tún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dúdú látòkèdélẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé èéfín tó ń jáde láti ara koríko àti igi ní àwọn nǹkan funfun nínú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, tó sì ń mú kí ibẹ̀ tutù díẹ̀. Ti àtùpà àti ti dísẹ́ẹ̀lì kò ní irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó kò bá tó, àwọn méjèèjì ló yẹ kí ètò kọjú sí ṣáájú sísun koríko oko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti oko ló ń hàn sójú ayé jù.

Ẹ̀ka tí mo rò pé ó yẹ ká tẹjú mọ́ jù ni pàǹtírí, torí ibẹ̀ ni àwòkọ ìlànà Yúróòpù ti lè ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ.

Ẹ mú tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ tó ti bàjẹ́, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé mọ́ínmọ́ín, kí ẹ kó o lọ sí ààtàn tó jìn ju mítà 5 lọ. Carbon tó lè jẹrà nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdajì rẹ̀ ló ń jẹrà ní ti gidi. Nítorí pé ààtàn náà jìn àmọ́ tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n á fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdajì gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ jẹ́ mẹ́téènì, wọ́n á sì fi 16 sórí 12 sọ ọ́ di púpọ̀, torí pé ìwọ̀n mẹ́téènì ju ti carbon inú rẹ̀ lọ. Kìlógíráàmù 40 mẹ́téènì ni yóò jáde láti inú tọ́ọ̀nù kan yẹn. Bí ààtàn náà kò bá jìn tó mítà 5, 0.4 ni wọ́n á lò dípò 0.8, á sì di 20. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìjọba tó bá kó àwọn ààtàn kéékèèké jọ sí òkìtì ńlá kan láìṣe nǹkan míì ti fi mẹ́téènì kún mẹ́téènì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú náà mọ́ sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Ní ilẹ̀ olóoru tí òjò ń rọ̀ bíi tiwa, ìlànà IPCC fi 0.4 sí oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ìyára tó fi ń jẹrà lọ́dún. Ìdajì gáàsì rẹ̀ á ti jáde tán kí ọdún méjì tó pé. Ní ilẹ̀ tútù tó gbẹ, 0.06 ni wọ́n ń lò, ìdajì kò sì ní jáde títí bí ọdún 11 sí 12. Àwọn ará Yúróòpù lè dúró kí ààtàn kún, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n wá gbẹ́ kànga gáàsì sí i, síbẹ̀ kí wọ́n rí gáàsì tó pọ̀ kó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ààtàn Ọlúṣọ́sùn ní Ojọ́ta, tó ti ń gba pàǹtírí láti 1992, púpọ̀ nínú gáàsì oúnjẹ tó wà níbẹ̀ ti lọ kí páìpù tó dé. Ètò tó ní kí a máa kó ìdajì gáàsì ààtàn nígbà tó bá di 2030 gbọ́dọ̀ fi páìpù sí òkìtì náà bó ṣe ń ga sókè, kó máa fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó lójoojúmọ́, kó sì wá ọ̀nà fún omi ìdọ̀tí láti ṣàn jáde. Bí omi bá dúró sínú kànga gáàsì, ẹ̀rọ kò ní fa nǹkan kan àfi omi. Bí wọ́n bá sì fa gáàsì náà le jù, afẹ́fẹ́ á wọlé, iná á sì mú nísàlẹ̀ òkìtì. Kékeré kọ́ ni iná ààtàn. Ti Ọlúṣọ́sùn jó nínú oṣù Ẹrẹ́nà 2018.

Ní tèmi, ohun tó sàn jù ni kí oúnjẹ má dé ààtàn rárá. Bí wọ́n bá fi tọ́ọ̀nù kan yẹn ṣe ìlẹ̀dú fún oko, ìlànà kan náà sọ pé mẹ́téènì kìlógíráàmù 4 ni yóò jáde, kì í ṣe 40. Ọjà ló sì yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé. Ní Mile 12 tàbí Bódìjà, ibì kan ṣoṣo ni tòmátò, ata àti ewébẹ̀ tó bàjẹ́ ti ń kó jọ, ọ̀rá kò tíì dàpọ̀ mọ́ ọn púpọ̀. Ohun tó máa ń ba ìlẹ̀dú jẹ́ ni omi àti ọ̀rá. Òkìtì tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́ mí, á máa rùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mẹ́téènì tí a ń sá fún. Ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan gbígbẹ, bíi èèpo ìrẹsì tàbí èérún pákó láti sọ́míìlì, kí wọ́n sì máa yí i. Ooru inú rẹ̀ tó bá ti kọjá 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ mélòó kan, èso koríko àti kòkòrò àrùn á kú.

Ti epo rọ̀bì ni mẹ́téènì tó rọrùn jù láti rí owó fún, síbẹ̀ òun ló ti pẹ́ jù. Òfin ọdún 1979 ló kọ́kọ́ dá oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1984 fún òpin gáàsì tí wọ́n ń dáná sun níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Lẹ́yìn náà wọ́n dá 2008, wọ́n dá 2020, wọ́n sì ti ń sọ 2030 báyìí. Ìlànà 2018 wá sọ owó ìtanràn di dọ́là 2 fún ẹgbẹ̀rún cubic feet gáàsì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn cubic metre 28.317, fún ẹni tó ń wa àgbá epo 10,000 lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ dọ́là. Ibi tó ń sun mílíọ̀nù 5 cubic feet lóòjọ́ á máa san 10,000 dọ́là lójúmọ́. Owó yẹn lè ta èèyàn lára bí mítà bá wà lórí iná náà. Bí kò bá sí, iye tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé ni wọ́n á gbà.

Lára iná náà pẹ̀lú, ìṣirò máa ń gbà pé ìdá 98 nínú gáàsì ló ń jó tán. Ní 2022, àwọn onímọ̀ tó fi ọkọ̀ òfuurufú wọn iná gáàsì ní Amẹ́ríkà rí i pé ìdá 91.1 ni, nígbà tí wọ́n ka àwọn ojú iná tó ti kú tí gáàsì ṣì ń jáde níbẹ̀ mọ́ ọn. Ó jọ ìyàtọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n mẹ́téènì tí kò jó kúrò ní 2, ó di 9 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Iná tó kú burú ju iná tó ń jó lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà ní abúlé tó yí i ká lè máa dúpẹ́ pé òru ti wá ṣókùnkùn. Òfin tó bá fìyà jẹ ẹni tó dáná sun gáàsì, tí kò wo ẹni tó kàn jẹ́ kó máa tú sáfẹ́fẹ́, ń kọ́ iléeṣẹ́ láti pa iná kó sì jẹ́ kí gáàsì máa lọ. Nítorí náà ni ìlànà mẹ́téènì tí NUPRC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ wíwa epo, gbé jáde nínú oṣù Bélú 2022 fi ṣe pàtàkì. Ó ní kí wọ́n máa wá ibi tó ń jò kiri kí wọ́n sì dí i, ìyẹn lẹ́nu fáàfù, lórí táǹkì, níbi ìdè ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ kámẹ́rà tó ń rí gáàsì tí ojú kò rí, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ pé kámẹ́rà náà kì í ríran dáadáa nígbà tí atẹ́gùn bá le tàbí nígbà tí ohun tó wà lẹ́yìn gáàsì kò bá gbóná jù ú tàbí tutù jù ú lọ. Àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí owó oṣù tirẹ̀, kó má jẹ́ pé ti iléeṣẹ́ epo nìkan ló ní.

Lórí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ìtẹ̀léra ló wà níbẹ̀. Ohun tó ń gba èéfín dúdú dísẹ́ẹ̀lì mú jù ni asẹ́ tí wọ́n ń fi sínú sàlẹ́ńsà. Imí ọjọ́ tó bá pọ̀ nínú epo máa ń ba asẹ́ náà jẹ́, á dí, ẹ̀ǹjìnnì kò sì ní lágbára mọ́. Mẹkáníìkì á yọ ọ́ sọnù. Epo ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò ní 2020 pé kí imí ọjọ́ inú epo tí wọ́n ń kó wọlé má ju 50 nínú mílíọ̀nù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Ìwé wà. Ẹni tó ń bu epo láti ilé epo lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò ló ṣọ̀wọ́n. Ohun kejì ni pé ètò 2019 dúró lórí Euro IV, ọ̀kan nínú àwọn ìpele ìlànà Yúróòpù lórí èéfín ọkọ̀, àwọn ọkọ̀ ńlá sì lè kúnjú Euro IV láìní asẹ́ kankan. Euro VI, ìpele tó le jù ú lọ, ló fi dandan mú asẹ́ wá. Bí èéfín dúdú ni a ń wá, bọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n bá ń rà fún BRT láti ìsinsìnyí lọ yẹ kó jẹ́ Euro VI tàbí CNG tàbí oníbátìrì.

Ó tún ku jẹnẹrétọ̀. Ilé epo kan náà ni wọ́n ti ń ta dísẹ́ẹ̀lì fún tírélà àti fún jẹnẹrétọ̀ báńkì. Bí ìṣirò bá kó gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rùn ọkọ̀, yóò dà bí ẹni pé bọ́ọ̀sì tuntun máa wẹ afẹ́fẹ́ Èkó mọ́ ju bó ṣe lè ṣe lọ. Kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn báńkì, ilé ìtura àti àwọn tó ni òpó tẹlifóònù, wọ́n ní ìwé iye lítà tí wọ́n ń rà lóṣooṣù.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ kò ní gba àkókò púpọ̀ níhìn-ín, àmọ́ ohun méjì wà níbẹ̀ tí ìṣirò máa ń gbójú fò. Àkọ́kọ́ ni ìrẹsì. Ètò náà fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ máa jẹ́ kí omi gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó tún dá omi sí i. Wọ́n á ri páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára mọ́ inú ilẹ̀, nígbà tí omi inú rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á tún bomi títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 5. Nígbà tí ìrẹsì bá ń yọ òdòdó nìkan ni wọn kì í jẹ́ kí ó gbẹ. Mẹ́téènì á fi bí ìdajì dín kù. Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti lè tan omi kí wọ́n sì tún pa á nìkan ló ti ṣeé ṣe, bíi oko ìbomirin tó wà ní Kánò. Púpọ̀ nínú ìrẹsì wa, òjò ló ń bomi rin ín. Ìrẹsì ọ̀fàdà tí wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ gbígbẹ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òdo ni IPCC kọ sí i. Ẹni tó bá ka ilẹ̀ ọ̀fàdà mọ́ ilẹ̀ tí yóò yí ọ̀nà omi rẹ̀ padà ti ka èrè tí kò sí níbẹ̀.

Ìkejì ni màlúù. Ìlànà tó rọrùn jù, ti 2006, fi mẹ́téènì kìlógíráàmù 31 lọ́dún sí ọ̀rùn màlúù ilẹ̀ Áfíríkà kọ̀ọ̀kan tí wọn kì í fún wàrà rẹ̀ tà. Pẹ̀lú ìṣirò yẹn, bí darandaran bá fún màlúù rẹ̀ ní oúnjẹ tó dára tó sì tètè sanra fún títà, kò ní hàn nínú ìwé. Ohun kan ṣoṣo tó lè dín nọ́ńbà kù ni kí màlúù dín. Ètò tó fẹ́ ran darandaran lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wọn ìwúwo màlúù, oúnjẹ rẹ̀ àti ọjọ́ orí tí wọ́n ń tà á, kó tó lè fi ohun tó ṣe hàn.

Gáàsì fíríìjì ló kù. Ooru tí kìlógíráàmù kan R-410A tó ń wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù ń dá sílẹ̀ tó ti carbon dioxide kìlógíráàmù 2,088. R-134a inú ọkọ̀ jẹ́ 1,430. R-290, tó jẹ́ propane lásán, kò ju bíi 3 lọ. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Kigali, èyí tó wà fún dídín HFC kù káàkiri ayé, ní 2018. Láti 2024 ni iye HFC tó ń lò ti gbọ́dọ̀ dúró sójú kan, kó yọ ìdá 10 ní 2029, ìdá 30 ní 2035, ìdá 50 ní 2040, ìdá 80 ní 2045. Ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ ni ìpíndọ́gba HFC tí wọ́n lò láàárín 2020 sí 2022, tí wọ́n fi apá kan gáàsì àtijọ́ kún. Ẹ wo ìṣòro tó wà níbẹ̀: títí wọ 2022 ni àwọn aṣọ́bodè káàkiri àgbáyé fi ń kó àwọn HFC jọ mọ́ gáàsì mìíràn sábẹ́ nọ́ńbà ìwé ẹrù kan náà. Àwọn ọdún tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ gan-an ni wọn ò ti lè dá wọn mọ̀ láti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ní láti lọ bá àwọn tó ń kó gáàsì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìwé ìrajà wọn wé ti bodè. Orílẹ̀-èdè tó bá kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ yóò máa fún ara rẹ̀ lọ́rùn títí di 2045.

Nígboro, gbogbo àdéhùn yìí dé ọwọ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Bó ṣe yẹ kó ṣe é nìyí: kó fa gáàsì tó ṣẹ́ kù sínú àgbá, kó fi nitrogen, kì í ṣe oxygen láéláé, wo ibi tó ń jò, kó wẹ́ẹ̀dì ibẹ̀, kó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti omi inú páìpù títí mítà á fi ka 500 micron, kó pa ẹ̀rọ náà kó sì dúró wò bóyá mítà yóò gòkè, kó tó wá fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì tuntun sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ẹ̀rọ. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á fi gáàsì kún un láìwá ibi tó ń jò, oníbàárà á tún pè wọ́n ní oṣù mélòó kan sí i. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Kò sí ẹni tó ń ra gáàsì tí wọ́n bá fà padà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fà á sì wọ́n. Ìjọba tó bá san owó lórí kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dá padà yóò rí gáàsì kó jọ ju èyí tó kàn ṣe òfin lọ. Ewu kan tún wà tó yẹ kí ẹ̀kọ́ wọn tẹnu mọ́: propane dára nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ R-22 àtijọ́ ti fi ohun tó ń gbiná sínú àpótí tí wáyà rẹ̀ lè tana sí i.

Mo ti dárúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́. Èèyàn mélòó ló lè ṣe ìṣirò wọn? Kò pọ̀ rárá: àwọn díẹ̀ nínú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ẹnì kan láti àjọ tó ń ka àwọn aráàlú àti nǹkan ìní wọn, ẹnì kan láti ẹ̀ka epo, ẹnì kan láti kọ́sítọ́ọ̀mù, àti olùkọ́ yunifásítì méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tó ń tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká ni pé wọ́n á kọ́ òṣìṣẹ́ ní LEAP, ọdún kejì wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Tàbí kí agbaṣẹ́ṣe láti òkèèrè kọ ìwé tó dára, kó sì gbé fáìlì ìṣirò náà lọ, kó ku PDF nìkan. Fáìlì yẹn ló yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, pẹ̀lú ojú ìwé kan fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: ibi tó ti wá, ọdún tó jẹ́, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé àdéhùn láàárín iléeṣẹ́ ìjọba méjì pé wọ́n á máa fún ara wọn ní nọ́ńbà lọ́dọọdún wúlò ju àpérò ọjọ́ mẹ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Pàǹtírí tún wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999, Àbújá kò sì lè wọ̀n ọ́n fún wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n wọn ọkọ̀ pàǹtírí nígbà tó kún àti nígbà tó ṣófo, dípò kí wọ́n máa ka ìrìn tó rìn, torí pé ọkọ̀ tó kún dé ìdajì náà máa ń ka ìrìn kan. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kí wọ́n da ọkọ̀ mélòó kan sórí tapólì, kí wọ́n pò ó pọ̀, kí wọ́n pín in sí mẹ́rin, kí wọ́n kó apá méjì tó dojú kọ ara wọn dànù, kí wọ́n tún un ṣe títí yóò fi ku bíi kìlógíráàmù 100. Kí wọ́n wá ṣà á sí oúnjẹ, koríko àti ewé, pépà, igi, aṣọ, ọ̀rá àti rọ́bà, irin àti ìgò, kí wọ́n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí àwọn tó ń ṣa irin àti rọ́bà bá ti kúrò lórí rẹ̀ ni kí wọ́n mú un, torí ohun tó ṣẹ́ kù sínú ààtàn ni ìṣirò ń béèrè. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, bóyá òjò rọ̀ lóru àná, àti ìgbà tí wọ́n yẹ òṣùwọ̀n náà wò gbẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ àti sí Àbújá pọ̀.